Ta Ló Kọ́kọ́ Ṣán Igbó Náà?

   Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ la mú wá lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ìran sì ni pẹ̀lú. A fẹ́ kí òbí àti ọmọ jọ kà á, nítorí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa lè ṣẹlẹ̀ ní ilé ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ní àárọ̀ Sátidé kan ni fóònù dún láti Ìbàdàn. Àbúrò wa ọkùnrin tó ń gbé ilé ló pè. Ó ní òun lọ sí aba, òun sì bá òpó kékeré onísìmẹ́ǹtì mẹ́fà tí wọ́n rì mọ́ inú oko bàbá wa àgbà ní òdìkejì odò, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sí lára. Àwọn awọnlẹ̀ ti wá, wọ́n sì ti lọ. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ará aba, wọ́n ní ìdílé kan ní abúlé kejì ló rán wọn.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwa ọmọ bàbá kan náà tí a wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti péjọ sí pálọ̀ ẹ̀gbọ́n wa ní Peckham. Ẹ mọ bí a ti máa ń ṣe. Ariwo gba ilé. Ẹnìkan ní ká kó ọlọ́pàá lọ bá wọn. Ẹlòmíràn ní ká dáwó, ká yára mọ ògiri yí ilẹ̀ náà ká. Nígbà tó yá, a pe lọ́yà kan nílé. Ó fi sùúrù gbọ́ wa tán, ó wá bi wá ní ìbéèrè mẹ́ta péré: Ta ló kọ́kọ́ ṣán igbó náà? Báwo ni igbó náà ṣe dé ọwọ́ rẹ̀? Lẹ́yìn rẹ̀, ta ló jogún rẹ̀, ta ló tún jogún rẹ̀, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ yín?

Pálọ̀ pa lọ́lọ́. A mọ orúkọ bàbá wa. A mọ orúkọ ẹni tó bí bàbá wa. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó lè fọhùn. "Bàbá Àgbà" ni gbogbo wa ń pe àwọn tó kù, bí ẹni pé orúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n nìyẹn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tó jókòó lórí àtẹ̀gùn tó ń gbọ́ wa, ló wá ní, "Dádì, ẹ ní ilẹ̀ bàbá yín ni, ẹ ò sì mọ orúkọ bàbá náà?" Ó ṣe wá bíi ká ní kó má dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ wí? Òótọ́ ló sọ.

Iṣẹ́ ìṣirò owó la fi ń jẹun ní ìlú yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Bí oníbàárà bá gbé ìwé wá tí ojú-ewé ti já nínú rẹ̀, àwa la máa ń sọ fún un pé a ò lè fọwọ́ sí i. Àṣé ìwé ti ilé tiwa gan-an, ojú-ewé tó ti já níbẹ̀ pọ̀ ju èyí tó kù lọ.

OHUN TÍ ÒFIN Ń BÉÈRÈ

Kì í ṣe pé lọ́yà náà fẹ́ yọ wá lẹ́nu. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ilẹ̀ ìdílé kì í ṣe ti ẹnìkan ṣoṣo. Àwọn tó ti lọ ní ìpín níbẹ̀, àwa tó wà láyé ní ìpín níbẹ̀, àwọn tí a kò tíì bí náà ní ìpín níbẹ̀.

Ẹjọ́ kan wà lórí ọ̀rọ̀ yìí tó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀. Ìjọba òyìnbó gba ilẹ̀ kan ní Àpápá tó jẹ́ ti ìdílé Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó. Olóyè náà kò gbà. Ó pe ẹjọ́ títí, ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Lọ́ńdọ̀nù níbí ní 1920, òun àti Herbert Macaulay. Ní 1921, ìgbìmọ̀ adájọ́ tí wọ́n ń pè ní Privy Council dá a láre. Wọ́n ní ilẹ̀ lọ́dọ̀ wa jẹ́ ti àwùjọ, ti abúlé tàbí ti ìdílé, àti pé bí ìjọba bá gbà á, ó gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ fún wọn gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 dé, tó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ gómìnà. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kò lé ìdílé tó ti wà lórí ilẹ̀ wọn kí ó tó dé. Ó kà wọ́n sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti máa lò ó lọ. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, oko tí a ti ń fojú oko lásán wò sì di ohun tí gbogbo ayé ń wá.

Báwo wá ni ìdílé ṣe lè fi hàn pé àwọn ló ni ilẹ̀? Ní 1976, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà ka ọ̀nà márùn-ún sílẹ̀. Èkíní ni ìtàn ìran. Èkejì ni ìwé tó péye. Ẹ̀kẹta ni pé kí èèyàn ti máa ṣe bí onílẹ̀ lórí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bíi kí ó máa tà níbẹ̀, kí ó máa fi fún àgbẹ̀ dá oko tàbí kí ó máa gba ìṣákọ́lẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni pé kí ó ti pẹ́ lórí ilẹ̀ náà, kí ó sì ń jẹ èrè rẹ̀. Ẹ̀karùn-ún ni pé kí ó ni ilẹ̀ tó bá a pààlà, tí ó fi hàn pé òun náà ló yẹ kí ó ni ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ rí i pé ìtàn ìran ló ṣáájú. Ṣùgbọ́n ìtàn "àwọn bàbá wa ló ni ín" kò tó o. Adájọ́ á fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹni tó tẹ ibẹ̀ dó, ọ̀nà tó gbà débẹ̀, àti orúkọ àwọn tó jogún rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Bí àlàfo bá wà láàrin, ẹjọ́ lè bọ́ sọ́nù níbẹ̀.

ÌYÁ ÀGBÀ

Ẹnìkan ṣoṣo ló kù nínú ìran àwọn bàbá wa, ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin, tó ti ń sún mọ́ àádọ́rùn-ún ọdún. Ìyá Àgbà la ń pè é. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ pé ṣámúṣámú. Ká má parọ́, bí a bá pè é tẹ́lẹ̀, kò ju "Ẹ kú alẹ́ mà, ṣé ara le, ṣé ẹ ti lo oògùn yín?" lọ. A ó fi owó ránṣẹ́, ó parí. Kò sẹ́ni tó bi í rí nínú wa pé, "Ìyá, kí lẹ mọ̀?"

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sunday, a sì ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a bi í léèrè bí òyìnbó ṣe ń béèrè: "Ọdún wo ni wọ́n bí bàbá yín?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló ń kọ ọdún sílẹ̀ nígbà náà?" A kọ́gbọ́n. Láti ọjọ́ yẹn, "Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà?" là ń bi í.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ wá ń jáde. Ó ní ọjọ́ tí ọ̀sán di òru, tí àwọn adìẹ sáré wọlé lọ sùn, òun ti tó ẹni tó ń pọnmi láti odò wá sí aba. Ọjọ́ kan ṣoṣo nìyẹn lè jẹ́: 20 May, 1947, nígbà tí òṣùpá bo oòrùn lójú. Ó ní ọmọ kan ti kú mọ́ bàbá òun lọ́wọ́ nínú àjàkálẹ̀ àrùn ńlá kan kí wọ́n tó bí òun, àrùn tó ń pa tọmọdé tàgbà ní ìparí ogun àkọ́kọ́ ti àwọn òyìnbó. 1918 nìyẹn. Ó ní bàbá òun máa ń sọ pé kòkó àkọ́kọ́ tí bàbá tirẹ̀ gbìn ti ń so kí ọkọ̀ ojú irin tó wọ Ìbàdàn. Ọkọ̀ ojú irin wọ Ìbàdàn ní 1901. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń so ó pọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fi rìsíìtì kọ̀ọ̀kan tún ìwé ìṣirò tó sọnù kọ.

Ìrọ̀lẹ́ kan ni ó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í ki wá. Àwọn ọmọ wa tó wà nítòsí fóònù dákẹ́ jẹ́ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Oríkì orílẹ̀ wa ni, ti Oníkòyí. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jọ̀wọ́, oríkì orílẹ̀ kì í ṣe orin àríyá lásán. Àdírẹ́sì ni. Ìkòyí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú ńlá Ọ̀yọ́ àtijọ́ tí ogun tú ká ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, tí àwọn ọmọ rẹ̀ fọ́n ká sí Ìbàdàn àti ìlú mìíràn. Ilé lè jó, ìwé lè sọnù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ oríkì orílẹ̀ rẹ̀ mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Ilà ojú àwọn àgbà, èèwọ̀ ilé, òrìṣà tí ìdílé ń bọ tẹ́lẹ̀, àti orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ọdẹ, Àyàn, Ọ̀jẹ̀ tàbí Fá, gbogbo rẹ̀ ló ń tọ́ka ọ̀nà.

Lẹ́yìn Sunday mọ́kànlá, a ní ìdáhùn fún lọ́yà wa. Bàbá tó bí bàbá wa àgbà ló ṣán igbó náà. Ìdílé olóyè ogun kan tí bàbá rẹ̀ bá jagun ló fún un, kò sì san ìṣákọ́lẹ̀ fún wọn rí. Orúkọ rẹ̀ kò ní jáde nínú ìwé yìí, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan ìdílé mìíràn. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ ilé wa ló ti mọ̀ ọ́n sórí báyìí.

ÌWÉ INÚ ÀPÓTÍ PÁÀNÙ

Ibi tí inú wa ti ń dùn ni Ìyá Àgbà ti ní, "Ẹ tún lọ wo inú àpótí páànù bàbá mi." Àbúrò wa gbé àpótí náà jáde. Rìsíìtì owó orí ló kún inú rẹ̀, àti ìwé pélébé kan tí bàbá wa àgbà fi ń kọ owó kòkó rẹ̀. Ó ya àwòrán ojú-ewé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó fi ránṣẹ́ sí wa.

Ní 1934, nígbà tí owó kòkó ti já wálẹ̀ tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wọ gbèsè, bàbá wa àgbà kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun yá ọkùnrin kan ní abúlé kejì ní pọ́ùn méjìlá. Ọkùnrin náà fi oko kòkó rẹ̀ tó wà ní òdìkejì odò dógò. Orúkọ ẹlẹ́rìí méjì wà níbẹ̀.

Òdìkejì odò! Ibi tí wọ́n rì òpó onísìmẹ́ǹtì sí gan-an. Oko tí a ń pè ní tiwa láti kékeré, tí bàbá wa máa ń mú wa lọ ká ọsàn níbẹ̀ nígbà ìsinmi, ohun ìdógò ni. Àwọn tí a fẹ́ kó ọlọ́pàá lọ bá, ọmọ ọmọ ẹni tó ni oko ni wọ́n.

Lọ́yà wa kò fi dù wá. Ó ní lábẹ́ àṣà wa, èyí tí kóòtù náà fara mọ́, ilẹ̀ tí a fi dógò kì í di ti ẹni tó yáni lówó, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ọjọ́ yòówù tí ọmọ onílẹ̀ bá mú owó náà wá, kó gba ilẹ̀ rẹ̀ ni. Wọn kò sì ní san èlé, nítorí pé kòkó tí ẹni tó yáni lówó ń ká ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni èlé rẹ̀.

A padà sí pálọ̀ Peckham. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí ariwo. Ọ̀kan nínú wa sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ju ẹyọ kan lọ: "Ìwé yẹn, ta ló tún rí i yàtọ̀ sí wa? Ẹ jẹ́ kó wà nínú àpótí rẹ̀." Ẹ má dá a lẹ́bi jù. Ẹ mọ iye tí ilẹ̀ ń lọ nílé báyìí. A pe Ìyá Àgbà, a rọra rò fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Bàbá mi kọ ọ́ kí ẹ lè rí i ni."

Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Àbúrò wa mú ẹ̀dà ìwé náà lọ bá àgbà ìdílé kejì. Ẹnu ya bàbá náà. Ó ní àwọn ti ń gbọ́ ìtàn yìí láti ìran wọn, ṣùgbọ́n àwọn kò ní ìwé kankan, àwọn sì ti rò pé a ti gbé e mì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rán awọnlẹ̀ láìsọ fún wa. Ọ̀kan nínú ẹlẹ́rìí méjì yẹn, àbúrò bàbá rẹ̀ àgbà ni.

Àwọn ìbátan wa kan nílé tún fẹ́ dá ìjà mìíràn sílẹ̀, wọ́n ní obìnrin ò lè ṣe olórí ẹbí kó wá gba owó ìdógò. Lọ́yà ní láti 1908 ni kóòtù ní Èkó ti sọ ọ́ nínú ẹjọ́ kan pé lẹ́yìn dáwódù, ọmọ tó dàgbà jù lọ nínú àwọn tó ṣẹ́kù láyé ni olórí ẹbí, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Ìyá Àgbà ló jókòó, òun ló sì gba owó.

Èló lowó náà? Àwa oníṣirò owó la ní kí a ṣírò rẹ̀. Nígbà tí Nàìjíríà kúrò lórí pọ́ùn bọ́ sí náírà ní 1 January, 1973, náírà méjì ni wọ́n fún pọ́ùn kan. Pọ́ùn méjìlá jẹ́ náírà mẹ́rìnlélógún. Lónìí kò lè ra búrẹ́dì kan. Gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ igi lọ́jọ́ náà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé náírà mẹ́rìnlélógún náà kalẹ̀, wọ́n fi obì, orógbó, ataare àti oyin tì í. Lẹ́yìn náà ni àgbà ìdílé méjèèjì jọ rìn ààlà, láti ibi odò títí dé ìdí pèrègún tí àwọn bàbá gbìn. Ìdílé tí a fẹ́ bá jà ló fọwọ́ sí ìwé pé apá ibi odò níhìn-ín jẹ́ tiwa.

Ilẹ̀ wa kéré sí bí a ti rò ó tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó kù, a mọ̀ ọ́n, aládùúgbò wa sì mọ̀ ọ́n. Ìṣirò tó bá jẹ́ pé èrè nìkan ló wà níbẹ̀, irọ́ ló wà níbẹ̀.

Ìyá Àgbà kò rí ọyẹ́ ọdún tó tẹ̀lé e. Ká ní a ti dúró di ìgbà tí a bá ráyè lọ sílé, ohun tó mọ̀ ì bá ti bá a lọ.

OHUN TÍ ẸNI KỌ̀Ọ̀KAN LÈ ṢE

Ẹ̀yin ọmọ wa, iṣẹ́ ìsinmi yín rèé. Ẹ gbé ìwé àti bírò, ẹ jókòó ti àgbà kan nínú ilé tàbí kí ẹ pè é lórí fóònù. Ẹ kọ́kọ́ kí i dáadáa o, kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. Ẹ bi í pé:

Kí lorúkọ bàbá yín, kí lorúkọ ẹni tó bí i, títí dé ibi tí ẹ bá mọ̀ ọ́n dé?
Ìlú wo ni wọ́n ti wá, kí ló lé wọn kúrò níbẹ̀?
Kí ni oríkì orílẹ̀ wa? Kí ni èèwọ̀ ilé wa?
Ta ló kọ́kọ́ dá oko ìdílé wa, ta ló fún un?
Ta ló bá wa pààlà, kí ló wà lójú ààlà: odò ni, igi ni, àbí òkúta?
Ta ló ti san ìṣákọ́lẹ̀ fún wa rí, àwa náà, ta la san án fún? Ǹjẹ́ a gba ìdógò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni?

Ẹ má gbàgbé orúkọ àwọn ìyá. Nínú ẹjọ́ kan tó dé Privy Council ní 1962, wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìdí igi ni àṣà Yorùbá fi ń pín ogún, ìyẹn ni pé ìpín kọ̀ọ̀kan fún àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, àfi bí olórí ẹbí bá ní kí wọ́n fi orí-ò-jorí pín in nítorí kí ìjà má bàa dé. Ìdílé tí kò mọ àwọn ìyá kò lè pín ogún rẹ̀ bó ti tọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe dá fọwọ́ sí ìwé títa ilẹ̀ ìdílé. Láìsí olórí ẹbí, títà náà kò tà. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìbá àwọn àgbà ẹ̀ka ìdílé sọ ọ́, kóòtù lè fagi lé e.

Bí àgbà bá ti tán nílé, ọ̀nà kò tíì tán. Ilé ìkówèé ìjọba tí wọ́n ń pè ní National Archives, tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ní ìwé àwọn ọ̀gá ìjọba amúnisìn lórí Ọ̀yọ́, Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú àti Oǹdó, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti oyè sì pọ̀ nínú rẹ̀. Níbí pàápàá, ní Kew, ìwé ìjọba Èkó àtijọ́ wà lábẹ́ nọ́ńbà CO 147. Ìwé àwọn míṣọ́nnárì CMS tó ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn wà ní Yunifásítì Birmingham. Ẹ̀yin tí ìran yín jẹ́ Sàró, orúkọ àwọn ọmọ Áfíríkà tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ Yorùbá sì pọ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wọ ọkọ̀ lọ sí Kew tàbí Birmingham, ẹ kọ́kọ́ gbé fóònù. Sunday tó ń bọ̀ yìí, lẹ́yìn tí ẹ bá ti jẹun tán, ẹ pe àgbà tó kù nílé yín. Bí ẹ bá ti bèèrè àlàáfíà rẹ̀ àti oògùn rẹ̀ tán, ẹ má tíì gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ bi í pé, "Ìyá, kí lẹ mọ̀?"

Olódùmarè yóò dá àwọn àgbà wa sí fún wa. Àwa náà á dàgbà, a ó sì ní ohun tí a máa sọ fún ọmọ wa. Ire o.